Orí Keje: Ọmọ Tí Ẹnu-Ọ̀nà Ń Pè Ní Àlejò

Ẹnu-Ọ̀nà ti kí ọmọ mẹ́tàdínlógún kó tó kan Àjọkẹ́. Tísà Fẹ́hìntọlá dúró nídìí òpó, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bàtà àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń gun irin pẹlẹbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti tẹ irin, iná aláwọ̀ ewé a tàn, ohùn ìyá àgbà kan a jáde láti inú òpó, a sì ké oríkì ilé baba ọmọ náà fún un ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Obìnrin a kúnlẹ̀, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀kùn a ṣí. Ohùn yìí kì í há, kì í gbàgbé, òtútù kì í mú un. Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ ti máa ń yán kó tó ké tán.

Àjọkẹ́ gun irin.

“Ọmọ Atúkọ̀, a-tukọ̀-má-wẹ̀yìn,” ni Ẹnu-Ọ̀nà wí. “Ọmọ a-sùn-létí-òkun-má-bẹ̀rù-ìgbì. Àrọ̀ ló gbà wá lọ́jọ́ ọkọ̀ dojú dé. Ilé wa kì í jẹ àrọ̀.”

Ọmọ ọdún méje náà kúnlẹ̀ dáadáa lórí orúnkún méjèèjì, ètè rẹ̀ ń bá ohùn náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó wọlé.

Tísà Fẹ́hìntọlá dúró de ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Oríkì ilé baba òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ké yẹn, oríkì tí kò tún sí ẹlòmíràn láyé tí a lè ké e fún, nítorí omi tó gba Etí-Òkun lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn kó gbogbo ilé Atúkọ̀ lọ, ó ku òun nìkan. Ó kó baba, ó kó ìyá, ó kó àbúrò mẹ́ta àti ọmọ tó wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tí kì í bẹ̀rù ìgbì! Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti rí bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí ó fi kú: ó wà níbẹ̀, ó sì ń gbé ènìyàn rìn, ṣùgbọ́n bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ Atúkọ̀ kankan lára Àjọkẹ́. Tísà ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé lọ jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ wo ohun tó fà á. Lára ògiri, nínú gíláàsì, ni òfin Òkè-Ìsádi wà ní lẹ́tà gàdàgbà: KÒ SÍ ỌMỌ TÍ YÓÒ WỌ KÍLÁÀSÌ LÁÌJẸ́ PÉ A FI ORÍKÌ ILÉ RẸ̀ KÍ I. Àánú ló bí òfin náà, kí a má purọ́. Lẹ́yìn tí omi fà, wọ́n rí àwọn ọmọ lórí òrùlé tí wọn kò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́, àwọn àgbà sì búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ilé kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ mọ̀ fún ọmọ kan, ilé baba. Ọmọ tí kò bá sì ní baba, wọ́n á fi sí ilé baba ìyá rẹ̀. Ìyá méjì ni Àjọkẹ́ ní: Tinúadé aránṣọ, àti Morádékẹ́ tó ń sin ẹja àrọ̀. Ìlú ti fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n fún àwọn méjèèjì níwèé olóǹtẹ̀, wọ́n tún kí wọn kú oríire. Ẹni tó ṣe ìwé ni kò bá ẹni tó ṣe ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹnu-Ọ̀nà rí ilé méjì lórí orúkọ ọmọ kan, kò mọ èyí tí yóò mú, ó bá mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ ọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. “Àlejò, káàbọ̀.”

Ọjọ́ kẹta ni àwọn ọmọ kíláàsì sọ ọ́ di orúkọ. Wọn kò fi ṣe ìkà. “Àlejò, yá mi ní pẹ́ńsù.” “Àlejò, ìwọ ló kàn.” Ohun tí ìbá ba Tísà lẹ́rù, bí ẹ̀rù bá ṣì lè bà á, ni pé ọmọ náà ń dáhùn. Ogójì òwúrọ̀ péré sì ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí fún ọmọ tí ẹ̀rọ bá pè ní àlejò; bí ó bá pé, wọ́n á mú un kọjá títì lọ sí Kíláàsì Àlejò, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò lẹ́nìkan sí. Ní ọjọ́ tí òwúrọ̀ náà pé mẹ́rìndínlógójì ni Tísà kọ ilé Atúkọ̀ sí orúkọ Àjọkẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé torí ọmọ náà ni, ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ òní, ọjọ́ ẹja. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ tò sí ojú fèrèsé oúnjẹ, ẹ̀rọ ń bu ìrẹsì fún wọn, ó ń gbé àrọ̀ yíyan lé e lórí. Ẹ̀rọ ìdáná a máa wo ilé ọmọ kó tó bùn ún lóúnjẹ. Kò jẹ́ fi èèwọ̀ ẹnikẹ́ni sínú abọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan Àjọkẹ́, ẹyin ló gbé sí i.

“Kí ló dé tí o kì í jẹ ẹja?” ni Bámitálẹ́, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jókòó, bi í.

“Èèwọ̀ ilé wa ni,” ni Àjọkẹ́ dáhùn, ó na ọrùn sókè. “Ó gbà wá nínú omi.”

Tísà jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì kan náà, ẹyin ló wà nínú abọ́ tirẹ̀ náà. Ó gbọ́ “wa” yẹn. Ó pa ẹyin rẹ̀ sí méjì, ó jẹ ẹ́ tán.

Àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ṣeré ni àwọn ìyá méjèèjì yọ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Tinúadé gbé okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn. Morádékẹ́ wọ bàtà rọ́bà tí ẹrẹ̀ odò ẹja kò tíì gbẹ lára rẹ̀.

“Tísà, ẹ káàsán o,” ni Tinúadé wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

Morádékẹ́ kò kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Tísà. Ìbéèrè kan péré ni mo bá wá. Ta ló ni èèwọ̀ tí ọmọ mi ń pa mọ́?”

Tísà fa àga fún wọn. Kò sẹ́ni tó jókòó.

“Ọjọ́ kẹrin rèé tí kò fẹnu kan ẹja nílé,” ni Morádékẹ́ ń bá a lọ. “Ẹja tí mo fọwọ́ ara mi sìn! Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló ń run ún. Lánàá ló wá ní kí n má bínú, òun ò lè jẹ ẹni tó gba àwọn èèyàn òun là. Ó ń wo odò ẹja mi bíi pé apààyàn ni mí.”

“Ó ké oríkì kan fún wa láti òkè délẹ̀,” ni Tinúadé wí jẹ́jẹ́. “Kò ṣì í níbì kankan. Oríkì ilé ta ni, Tísà?”

“Tèmi ni.”

Fáànù òkè ń yí. Lórí ògiri ni àwòrán tí àwọn ọmọ yà wà, Àwọn Tó Wà Nílé Wa. Nínú ti Àjọkẹ́, obìnrin méjì dúró lẹ́bàá omi, ọmọ wà láàárín wọn. Létí bébà náà lọ́hùn-ún, ó tún fi pẹ́ńsù ya ọ̀pọ̀ ènìyàn wínníwínní tí wọn kò lójú. Tísà ti ń rí wọn láti ọjọ́ yìí wá, kò béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.

“Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù nígbà náà kí wọ́n gbé e lọ sí òdìkejì títì,” ni Tísà wí. “Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ mú ilé kan, ẹ kọ̀.”

“A kọ̀ ni!” Morádékẹ́ fọwọ́ lu tábìlì. “Bí a bá mú ti Tinúadé, èmi á di alágbàtọ́, Ẹnu-Ọ̀nà yín ò ní ṣí fún mi mọ́ bí mo bá wá mú ọmọ mi lọ sílé. Bí a bá mú tèmi, Tinúadé tó gbé e fóṣù mẹ́sàn-án á di ẹni ìta. A bi yín nígbà yẹn, èwo nínú wa ni ká pa rẹ́? Ẹ ò dáhùn. Ẹ wá lọ pa àwa méjèèjì rẹ́ pọ̀.”

Òótọ́ ni. Tísà mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dun òun. Ó wá ibi tí ó ti yẹ kó dùn ún, kò rí i.

Tinúadé ti ń wò ó tipẹ́. “Àwọn ará ilé yín ńkọ́, Tísà?”

“Wọ́n wà nínú omi.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

“Áà.” Tinúadé jókòó níkẹyìn, lórí àga kékeré àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. “Nígbà náà, kì í ṣe torí Àjọkẹ́ nìkan lẹ ṣe ṣe é. Ẹ fẹ́ tún gbọ́ ọ ni.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ẹ wá gbọ́ ọ?”

“Mò ń gbọ́ ọ láràárọ̀,” ni Tísà wí. “Kò ṣe mí ní nǹkan kan.”

Ìbínú Morádékẹ́ kò lọ, ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni ó wí. “Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ṣùgbọ́n òkú yín wúwo fún ọmọ ọdún méje, Tísà.”

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí Ọ̀gá Ládẹ̀jọ fi wọlé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bẹ̀rù ààrá bó ṣe ń bẹ̀rù lẹ́tà ìjọba. Ó ti gbọ́ èyí tó tó gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rọra,” ni ó wí. “Ọ̀la gan-an ni aláyẹ̀wò ń bọ̀. Ọmọ ń kúnlẹ̀, ilẹ̀kùn ń ṣí, kí ló kù? Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ilé kúrò lórí ọmọ, ó di dandan kó dúró lórí irin, kó sọ ìdí ẹ̀ létí gbogbo ilé-ìwé, ẹ̀rọ á sì fi ránṣẹ́ kíákíá. Tísà, wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ yín. Yàrá ìwé ni wọ́n á fi yín sí, ẹ ó máa nu eruku. Ọmọ náà á sì lọ sí òdìkejì títì. Kí la wá jèrè?”

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ní ọgbọ́n nínú, ìṣòro rẹ̀ sì nìyẹn. Tísà yíjú sí òfin tó wà lára ògiri. Lábẹ́ àwọn lẹ́tà gàdàgbà, àwọn wẹ́wẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ nígbà tí iná kì í dúró: Bí ẹ̀rọ bá kú, tàbí tí kò bá mọ ọmọ, olùkọ́ lè fi ẹnu kí i, kó sì tẹ ìka. Ẹni tó bá fi ẹnu kí ọmọ ti dúró fún un.

Ó kà á sókè.

“Láràárọ̀ ni o, Tísà,” ni Ọ̀gá Ládẹ̀jọ wí. “Ẹni tó bá dúró fún ọmọ ò lè pa ọjọ́ kan jẹ. Nínú òjò, nínú àìsàn. Ọdún márùn-ún ló ṣì kù fún un nílé-ìwé yìí.”

“Mi ò níbi tí mò ń lọ,” ni Tísà dáhùn. Ó yíjú sí àwọn ìyá. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ti ilé yín. Méjèèjì.”

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ó lọ bá wọn létí odò ẹja. Àjọkẹ́ jókòó lórí korobá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Tísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Àjọkẹ́, mo ṣe àṣìṣe. Mo fún ẹ ní nǹkan tí kì í ṣe tìẹ.”

“Àwọn ará inú omi?”

“Àwọn ni.”

“Wọn kì í ṣe ẹbí mi mọ́?”

“Ẹbí tèmi ni wọ́n.”

Ọmọ náà rò ó. “Ṣé mo lè jẹ ẹja, mà?”

“O lè jẹ ẹja.”

“Ó dáa.” Ó tún rò ó. “Ta ló wá máa máa kí wọn?”

Morádékẹ́ ló gba Tísà sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìjà, torí wọn kò mọ ilé tí yóò ṣáájú. Tinúadé ní ti Morádékẹ́ ni, òun ló dàgbà jù. Morádékẹ́ ní ta ló béèrè ọjọ́ orí òun, ti ẹni tó rọbí ni kó ṣáájú. “Ìyá yìí, o ti rí ẹni tí o máa fi ṣẹlẹ́yà,” ni Tinúadé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ ló parí ẹjọ́ náà láti orí korobá: ọjọ́ kan ni ti Yèyé, bó ṣe ń pe Morádékẹ́, yóò ṣáájú, ọjọ́ kejì ti Mọ̀ọ́mi, ìyẹn Tinúadé. Tísà kà á títí ahọ́n rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Ó jẹ ìrẹsì, ó fi àrọ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú mú òjò wínníwínní wá. Aláyẹ̀wò ti dé kí agogo tó lù, obìnrin kan tó wọ kóòtù eérú, ó gbé pátákó gíláàsì dání. Ọ̀gá Ládẹ̀jọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu ojú. Àwọn ọmọ ti tò. Àwọn ìyá méjèèjì dúró lẹ́yìn ọgbà irin, lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo.

Tísà Fẹ́hìntọlá gun irin pẹlẹbẹ. Ẹnu-Ọ̀nà kì í kí olùkọ́, iná funfun lásán ló tàn.

“Èmi Fẹ́hìntọlá, ọmọ ilé Atúkọ̀,” ni ó wí. “Mo kọ ilé mi sórí Àjọkẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ilé mi. Irọ́ ni mo kọ. Àwọn ìyá rẹ̀ ò mọ̀, ọ̀gá ò mọ̀. Mo ṣe é kí wọ́n má bàa gbé e lọ, mo sì ṣe é torí ara mi. Ẹ yọ ọ́.”

Ohùn ìyá àgbà náà kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. “Kò sí ọmọ mìíràn nínú ilé Atúkọ̀. Bí mo bá yọ ọ́, ilé náà yóò parẹ́ nínú mi. Ṣé kí n pa á rẹ́?”

Kò ronú kan èyí. Òjò ń kán sórí irin. Aláyẹ̀wò gbé ojú sókè kúrò lára gíláàsì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Pa á rẹ́,” ni Tísà wí.

“Ó ti parẹ́.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò ro ó lára síbẹ̀. Ó nàka sí Àjọkẹ́ pé kó máa bọ̀. Ọmọ náà gun irin, iná pupa tàn.

“Àlejò, káàbọ̀,” ni Ẹnu-Ọ̀nà wí.

“Kì í ṣe àlejò,” ni Tísà dá a lóhùn. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ òpó. Ohùn rẹ̀ há, ìlà àkọ́kọ́ sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wúkọ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

“Àjọkẹ́! Ọmọ Alámọ̀ tí í fọwọ́ mọ ìkòkò, ọmọ a-fi-iná-dán-amọ̀-wò. Ọmọ Aláró tí í sọ funfun di dúdú, ọmọ a-paṣọ-láró-má-ṣàá. Ilé méjì ló bí ọ, o kò ṣaláìní níbì kankan. Wọlé, ọmọ ìyá méjì.”

Àjọkẹ́ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà irin, Morádékẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ilẹ̀kùn ró gìrì, ó ṣí.

“Ta ló dúró fún un?” ni aláyẹ̀wò béèrè.

“Èmi ni.”

“Wọ́n á gba kíláàsì lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

Obìnrin náà kọ nǹkan sórí gíláàsì rẹ̀, kò sọ ohun tó kọ. Bámitálẹ́ ló kàn. Ọmọ náà dé ẹsẹ̀ irin, ó kọ̀, kò gùn ún.

“Tísà, ẹ fẹnu ké tèmi náà.”

“Ẹ̀rọ mọ tìẹ, Bámitálẹ́.”

“Ó máa ń sáré ké e ni,” ni Bámitálẹ́ wí, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn náà, àwọn náà. Tísà fẹ́ bá wọn wí, ló bá rí i pé Àjọkẹ́ kò tíì wọlé. Ó dúró sójú ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó ń pa dà bọ̀.

“Àjọkẹ́, wọlé, òjò ń pa ọ́.”

“Ẹ̀yin náà ò tíì wọlé, mà,” ni ọmọ náà wí. Ó dúró níwájú Tísà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba èémí bí ẹni tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

“Ọmọ Atúkọ̀, a-tukọ̀-má-wẹ̀yìn. Ọmọ a-sùn-létí-òkun-má-bẹ̀rù-ìgbì. Àrọ̀ ló gbà yín lọ́jọ́ ọkọ̀ dojú dé; ilé yín kì í jẹ àrọ̀.”

Obìnrin tí a bá ké oríkì ilé baba rẹ̀ fún gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ìyá Tísà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó tó mọ̀ọ́kọ. Orúnkún rẹ̀ wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú òjò, níwájú ọ̀gá, níwájú aláyẹ̀wò, níwájú gbogbo ọmọ. Orí rẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gún un nínú, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń gúnni nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá pa dà sínú rẹ̀, títí ó fi gba gbogbo àyà rẹ̀. Ó dùn ún. Ọdún mẹ́sàn-án dùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di ọwọ́ kékeré náà mú, ó kígbe orúkọ àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ẹ wọlé, Tísà,” ni Àjọkẹ́ wí.